Bàtà Onírin Tí Wọ́n Ní Kí N Dá Padà

Ìdí mi kì í gbé àga. Láti kékeré ni. Bí mo bá jókòó pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ìyá mi á sì ní kí n dìde lọ gbálẹ̀ kí n má baà da oúnjẹ nù. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí bá mi lára mu nítorí pé kò sí àga níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ bisikí ni, ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ọ̀tà, èmi sì ni adelé súpáfáísọ̀ níbi tí a ti ń di bisikí sínú ọ̀rá àti páálí. Bisikí á máa jáde látinú ẹ̀rọ tó ń yan án, á máa bọ̀ lórí bẹ́líìtì gígùn kan, àwọn obìnrin bí ogún á dúró lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n á máa ṣa èyí tó bá fọ́ kúrò. Èmi á máa lọ, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn wọn láti àárọ̀ títí àwọn tó máa gbapò wa á fi dé. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá fi ìrìn ọjọ́ kan lọ tààrà, Ìdíròkò ni ilẹ̀ á ti ṣú mi.

Adelé ni mo sọ pé mo jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe adelé. Mò ń ṣe iṣẹ́ súpáfáísọ̀, mò ń gbọ́ èébú súpáfáísọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó sọ pé ipò náà jẹ́ tèmi kò tíì jáde rí. Mo mọ ìdí ẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ méjì bá mi lójijì. Ti àkọ́kọ́ wá láti ọ́fíìsì. Ọ̀gá tuntun tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, pe gbogbo àwa adelé jọ. Ó ní ilé iṣẹ́ fẹ́ tún fáìlì gbogbo ènìyàn ṣe. Ẹni tó bá mú orígínà sàtífíkéètì rẹ̀ wá kí oṣù tó parí, wọ́n á fi ipò rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mú un wá á padà sídìí bẹ́líìtì, ẹlòmíì á sì bọ́ síbẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù ti jáde, ó ṣí fáìlì mi.

"Mà, ohun tó wà níbí ni pé ẹ jáde ní kọ́lẹ́jì olùkọ́, pé sàtífíkéètì yín ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Láti ìgbà wo ló ti ń bọ̀?"

Mo ní ó kù díẹ̀. Ó wojú mi, ó wo fáìlì, ó ní kò burú. Ìwà jẹ́jẹ́ ẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bínú sí i, ara ì bá sì tù mí.

Ọ̀rọ̀ kejì wá lórí Wásáàpù lọ́jọ́ kẹta. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ́lẹ́jì wa kọ̀wé pé wọ́n fẹ́ bu ọlá fún àwa tí a ti ṣojú kọ́lẹ́jì nínú eré ìdárayá. Orí pápá kọ́lẹ́jì gan-an ni wọ́n á ti ṣe é, ní Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù. Kí kálukú fi eré tó ṣe ránṣẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, àti fọ́tò kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ariwo ẹ̀rọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ọlá. Kóòṣì wa ni mo rí, torí wọ́n ní òun náà ń bọ̀, òun ló sì wà láàárín èmi àti sàtífíkéètì mi láti ọdún mọ́kànlélógún.

Irinwó mítà ni eré mi. Eré burúkú ni: ó gùn ju kéèyàn sá a lásápajúdé lọ, ó sì kúrú ju kéèyàn fara balẹ̀ lọ. Bí o bá ti yí kọ́nà tó kẹ́yìn, ọ̀fun á gbẹ, itan á dì, o ò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló ń sáré tàbí ìwọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ. Ohun tí mo sì fẹ́ràn ṣìkejì ẹ̀ ni ìṣirò. Nítorí kí n lè máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni mo ṣe lọ sí kọ́lẹ́jì olùkọ́. Mo ti ń rí ara mi nínú kíláàsì, tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀ níwájú pátákó, tí ẹfun ń bọ́ sí mi láṣọ.

Bàtà onírin tí kọ́lẹ́jì ní fún gbogbo àwa obìnrin kò ju mẹ́rin lọ. Bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ìṣó kéékèèké mẹ́fà wà lábẹ́ ẹ̀ níwájú tó máa ń di ilẹ̀ mú. Nítorí pé kò pọ̀, àṣà àwa tí à ń sáré nígbà náà ni pé bàtà kì í sinmi. Bí o bá ti sáré tán tí o ṣì ń mí hẹlẹ, ẹlòmíì á ti kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ẹ, á máa tú okùn bàtà. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ pé kọ́lẹ́jì wo lo ti wá. Tí ẹsẹ̀ yín bá ti ṣe déédéé, o máa bọ́ ọ fún un, ó máa lọ sáré, ó máa dá a padà. Èmi náà ti wọ bàtà àwọn tí mi ò morúkọ wọn.

Ní ìdíje tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a ti ṣe ìdánwò àṣejáde, mo gbé ipò kejì. Ọmọbìnrin kan láti kọ́lẹ́jì mìíràn wá bá mi, bàtà tirẹ̀ ti ya, igba mítà ló kù tó fẹ́ sá. Mo bọ́ ọ fún un. Wọ́n pè mí kí n wá gba mẹ́dàlì, wọ́n yà mí ní fọ́tò, àwọn ènìyàn wa gbé mi sókè. Nígbà tí mo máa fi padà sétí pápá, bọ́ọ̀sì wọn ti lọ.

Kóòṣì wa gbóná bí ata. Ọkùnrin gíga, fèrè kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Òun ló ń kọ́ wa, òun náà ló ń tọ́jú ohun èlò. Ẹni tó bá ti lọ sí kọ́lẹ́jì mọ̀ pé kí wọ́n tó fún ọ ní sàtífíkéètì, wàá kọ́kọ́ gbé ìwé kílíránsì kiri. Ilé ìkàwé á lu òǹtẹ̀ sí i pé ìwé wọn kò sí lọ́wọ́ ẹ, ilé ibùgbé á lu òǹtẹ̀ pé o ò gbé tìmùtìmù wọn lọ, ó di ibi méje. Mo ti gba òǹtẹ̀ mẹ́fà. Ó ku ti ẹ̀ka eré ìdárayá.

"Bàtà dà?" ni kóòṣì wí.

Mo ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó já ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú dúróà, ó fẹsẹ̀ tì í pa.

"Máa lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ mọ́ láìsí bàtà yẹn lọ́wọ́ ẹ. Kò sí bàtà, kò sí sàtífíkéètì."

Mo lọ. Mo sọ fún àwọn òbí mi pé sàtífíkéètì kò tíì jáde. Mo wá sọ́dọ̀ àǹtí mi kan ní Àtàn, wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan ń gba kaṣúà lójú géètì, àwọn tí wọ́n á kàn lò fún ìgbà díẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo fi wọlé. Mo ní kí n ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kí n fi wá bàtà. Bàtà onírin kì í ṣe ohun tí kaṣúà lè rà nígbà náà. Nígbà tí mo wá lè rà á, ìtìjú kò jẹ́ kí n lọ. Kí ni màá sọ pé ó pa mí mọ́lé fún ọdún mẹ́ta? Ó di ọdún mẹ́wàá, ó ṣòro ju ti ọdún mẹ́ta lọ. Mo ṣègbéyàwó, mo bímọ méjì, mo kúrò ní kaṣúà, mo di adelé, sàtífíkéètì ṣì ń bọ̀.

Èmi nìkan kọ́ ni kọ́lẹ́jì náà dà sí Ọ̀tà. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó jẹ́ gólì kọ́lẹ́jì wa. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé bọ́ọ̀lù máa ń dà bí ọsàn níbẹ̀. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwa òṣìṣẹ́ láti Sàngó. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìwé náà jáde, mo jókòó sẹ́yìn ẹ̀, mo na fóònù sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ kọ síbi tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí?"

"Dírẹ́bà."

"Dírẹ́bà lásán?"

"Kí ni kí n kọ, páílọ́ọ̀tì?" Ó fọn fèrè ọkọ̀ mọ́ ọlọ́kadà kan. "Àbúrò, mo ti ń wakọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò gbá ènìyàn rí. Kí wọ́n wá bu ọlá fún ìyẹn."

Ó wù mí kí ọkàn tèmi náà balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ "súpáfáísọ̀," mo pa á rẹ́. Mo kọ "adelé súpáfáísọ̀," ó dà bíi pé mò ń fi ara mi sùn. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikí ní Ọ̀tà, mo fi ránṣẹ́ kí n tó lè yí ọkàn padà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí, obìnrin tí ohùn ẹ̀ dùn.

"Ṣé máníjà ni yín níbẹ̀, mà?"

"Rárá o."

"Ẹ má ṣèyọnu, a máa bá yín tún un kọ kó gún régé."

Mi ò fetí sí ohun tó wí. Bàtà ló wà lọ́kàn mi. Mo ti pinnu pé mi ò ní lọ pàdé kóòṣì lọ́wọ́ òfo, bàtà ló ní kí n mú wá, bàtà náà ni màá mú wá. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti ṣíwọ́, mi ò lọ sílé tààrà. Màá bọ́ọ́lẹ̀ ní Sàngó, màá máa ti ìdí òkìtì bàtà tòkunbọ̀ kan bọ́ sí ìdí òmíràn lábẹ́ afárá. Bàtà bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń kó jáde fún mi.

"Áńtí, èyí gan-an làwọn pláyà ń wọ̀. Ẹ wo ìdí ẹ̀, ó lágbára."

"Mi ò fẹ́ ti bọ́ọ̀lù. Ti eré sísá ni mo ní. Ìṣó ló wà lábẹ́ ẹ̀, mẹ́fà."

"Ìṣó kẹ̀? Áńtí, ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣe léṣe?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a. Mi ò lè sùn dáadáa, mi ò lè jẹun nírọ̀rùn, mo jágbe mọ́ àwọn obìnrin mi nídìí bẹ́líìtì lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo tún lóyún. Nígbà tí mo wá rí i, ìsàlẹ̀ òkìtì kan ló wà, aláwọ̀ búlúù, tín-ín-rín, ìṣó márùn-ún ló kù níbi òsì. Mo di í mọ́yà bí ẹni rí ọmọ tó sọnù. Ẹni tó tà á ń rẹ́rìn-ín.

Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti rí i.

"Ṣé eré lo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí tó o wà yìí?"

Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ọdún kẹrìndínlógún tí a ti fẹ́ra nìyẹn, kò sì tíì gbọ́ ọ rí. Òun náà rò pé ìjọba ló ń fi sàtífíkéètì falẹ̀ ni. Ó gbé bàtà náà, ó fọwọ́ kan àwọn ìṣó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Nítorí bàtà?" ó wí.

"Nítorí bàtà."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìyẹn.

Ní Sátidé náà, mọ́tò kékeré tí ẹ̀gbọ́n gólì ra fún ara ẹ̀ la gbé. Ìlú tí kọ́lẹ́jì wà jìnnà sí Ọ̀tà, nítorí náà a jáde ní ìdájí. Kí á tó dé Ìfọ̀, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ kò lọ, ọkọ̀ kò bọ̀. Ẹ̀gbọ́n pa mọ́tò, ó da ìjókòó sẹ́yìn, ó fi fìlà bojú. Mo fara dà á títí, mi ò lè fara dà á mọ́. Tí Sátidé yìí bá kọjá, oṣù máa parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì tún sí ibòmíràn tí mo ti lè rí kóòṣì yẹn. Mo gbé ọ̀rá bàtà mi, mo bọ́ọ́lẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n lé mi bá, ó yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹlẹ́sẹ̀ ehoro, ṣé wàá wọlé àbí wàá dúró dè mí níbẹ̀?"

Mo wọlé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to àga sábẹ́ àwọn àtíbàbà. Pápá náà kéré ju bí mo ti rántí ẹ̀ lọ, koríko ti hù sójú ọ̀nà eré wa. Kóòṣì ti dé. Ó jókòó nìkan níwájú, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà lórí, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Mo ti fi ọdún mọ́kànlélógún pèsè ohun tí màá sọ fún un, gbogbo ẹ̀ sì parẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni mo sá irinwó mítà ní ọdún tí..."

"Ṣé o ní láti sọ fún mi ni? Mo ti mọ̀ ọ́ láti ìrìn ẹ." Ojú rẹ̀ tàn. "Ipò kejì! Kọ́nà tó kẹ́yìn lo ti sùn."

"Mo mú bàtà wá, sà."

"Bàtà wo?"

Mo ṣí ọ̀rá náà. Ó wo inú ẹ̀, ó wojú mi. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe sọ ọ́, bó ṣe fẹsẹ̀ ti dúróà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó dá ẹ̀rín náà dúró.

"Ọmọ, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo máa ń sọ nígbà náà tí inú bá ń bí mi. Mi ò rántí èyí rárá. Mo mọ̀ pé kí wọ́n tó gbé mi kúrò ní ẹ̀ka yẹn, mo buwọ́ lu gbogbo ìwé tó wà nínú dúróà, mo sì fi ránṣẹ́ sókè. Mi ò fi ti ẹnì kankan sílẹ̀. Ṣé o ò padà wá béèrè ni?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ló yé mi. Ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kò sí lórí ọkùnrin yìí rí fún ọjọ́ méjì.

Òun fúnra ẹ̀ ló na ọ̀pá sí ọkùnrin kan tó ń gbé omi kiri fún àlejò. Ẹni tó máa ń fo òkè ni, ìyẹn ẹni tó ń fò kọjá lórí irin, wọ́n máa bu ọlá fún òun náà. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́jì yìí náà ló gbà á síṣẹ́, òun ló sì ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí. Ó ju omi sílẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ lápò, a jọ lọ.

"Ẹ jókòó, mà," ó wí bí a ti wọlé.

Mi ò lè jókòó. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín àwọn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé. Ó bi mí lórúkọ tí mò ń jẹ́ kí n tó relé ọkọ, ó fa dúróà kan, ó ń fi ìka ṣí àpò ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Kò tó ìgbà tí omi fi ń hó. Ó yọ àpò ìwé kan, ó gbọn eruku nù lára ẹ̀, ó nà án sí mi.

Orúkọ mi wà níbẹ̀, gàdàgbà, pẹ̀lú ìṣirò tí mo kọ́ àti ipele tí mo wà. Etí ìwé náà ti pọ́n díẹ̀. Wọ́n fi píìnì so ìwé kílíránsì mi mọ́ ọn lẹ́yìn, òǹtẹ̀ méje pé. Mo wo ọjọ́ tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀ keje. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo kúrò ní kọ́lẹ́jì ni.

"Ó ti wà níbí tipẹ́, mà. Kí ló dé tẹ́ ò wá gbà á?"

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Inú bí mi sí kóòṣì, inú bí mi sí dúróà náà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ara mi ló ń bí mi sí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ká ní mo dúró kí n tó lọ sí Àtàn, ká ní mo rán ènìyàn kan ṣoṣo, ká ní mo fi ojú tó tì mí wá bẹ̀bẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, ẹkún tó ní ariwo nínú. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri títí mo fi ṣe tán, ó wá fi ìwé ńlá kan síwájú mi kí n buwọ́ lù ú pé mo ti gbà á.

Nígbà tí a padà sí pápá, ètò ti bẹ̀rẹ̀. Atọ́kùn ètò ń pe orúkọ, ó ń ka ohun tí kálukú ti dà, kóòṣì á sì gbé àwo ìdánilọ́lá lé e lọ́wọ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n gólì, ó ní àgbà òṣìṣẹ́ tó ń darí ètò ìrìnnà ní ilé iṣẹ́ ńlá ni.

"Dírẹ́bà ni mí o!" ẹ̀gbọ́n kígbe látẹ̀yìn. Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju ti àwọn tó ṣáájú ẹ̀ lọ.

Ó kàn mí. Atọ́kùn gbé ohùn sókè. Ó ní mo kàwé láti di olùkọ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń wá irú mi, ṣùgbọ́n mo yàn láti fi ọgbọ́n mi sin ilé iṣẹ́ tó ń bọ́ orílẹ̀-èdè. Ó tún un sọ pé mo yàn án. Ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo gba àwo náà lọ́wọ́ kóòṣì, ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín fún fọ́tò kí n lọ jókòó. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ na sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí èmi tó mọ̀.

"Mo dúpẹ́," mo wí. "Ṣùgbọ́n mi ò yàn án. Ẹ̀rù ló bà mí. Bàtà kọ́lẹ́jì sọnù lọ́wọ́ mi, mi ò lè padà wá gba sàtífíkéètì mi. Àárọ̀ yìí ni mo gbà á." Mo gbé e sókè kí wọ́n rí i. "Ohun tí mo bá ní Ọ̀tà ni mo ṣe. Mo ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ má sọ pé mo yàn án."

Atọ́kùn ń wo ìwé ọwọ́ ẹ̀ bíi pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Kóòṣì ṣì dúró tì mí. Ó gbé ọ̀pá ẹ̀ sí apá kejì, ó ṣí fìlà lórí.

"Má bínú," ó wí. Kò lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ìlà iwájú gbọ́ ọ. "Ẹnu mi ni. Jọ̀ọ́, má bínú."

Orí rẹ̀ funfun, ó pá láàárín, oòrùn ń bà á. Àgbàlagbà kì í ṣí fìlà fún ọmọ tí òun tọ́. Mo yára kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ tó fi mú fìlà náà mú, mo ní kó jọ̀wọ́ dé e padà. Ìbínú tí mo ti tọ́jú fún un fún ọdún mọ́kànlélógún, mo wá a kiri nínú ara mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, mi ò rí i mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé sàtífíkéètì náà lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ó ya ẹ̀dà rẹ̀, ó dá a padà fún mi. Ó fa lẹ́tà kan yọ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, ó fi bírò lé e lórí.

"Ẹ kú oríire, mà. Ẹ buwọ́ lù ú níbí."

Mo wo bírò náà. Mo wo sàtífíkéètì tó wà lọ́wọ́ mi, tó sọ pé mo lè kọ́ ọmọ ẹlòmíì ní ìṣirò.

"Ẹ fún mi di ọ̀la, ọ̀gá."

"Mà, ọ̀la loṣù parí. Kí lẹ tún fẹ́ lọ rò? Ṣebí ohun tẹ́ ẹ ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́sàn-án nìyí?"

"Òun ni. Ẹ jẹ́ kí n yàn án ná."

Kò yé e. Ó ṣáà dá lẹ́tà náà padà sínú fáìlì. Mo fi gbogbo ọjọ́ yẹn rìn lẹ́yìn àwọn obìnrin mi, kíláàsì kan ń lọ lọ́kàn mi, pátákó wà níbẹ̀, ẹfun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń pè mí ní tíṣà. Mo wo bẹ́líìtì náà. Mo mọ èyí tó ń sunkún nínú àwọn obìnrin náà láìsọ, mo mọ èyí tí ẹ̀yìn ń dùn, mo mọ ìró tí ẹ̀rọ máa ń ṣe kó tó bàjẹ́. Mo bi ara mi ní ìbéèrè, mo dá ara mi lóhùn, mo tún bi í.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ buwọ́ lù ú. Ọ̀gá náà bi mí pé kí ni mo wá rí nínú ọjọ́ kan tí mo fi falẹ̀. Mo sọ fún un pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní ohun tí mo lè kọ̀ nìyẹn.